Ẹni Tí Ìṣọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ tí ó ku èmi àti Baba Ìdákọ̀ró nìkan nínú ọkọ̀ náà ni ó pè mí sí ìdí agogo, ó ní kí n jókòó, kí á pín ọjọ́.

"Ká pín kí ni?"

"Ọjọ́. Oúnjẹ tó kù ò tó nǹkan tí à ń pín, àmọ́ ọjọ́ wà lọ́wọ́ wa bí ilẹ̀ bí ẹní."

Ọkọ̀ ẹrù ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹni tó ni ẹrù inú rẹ̀ ń bára wọn ṣẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní kí ọkọ̀ dúró sójú kan lẹ́yìn odi èbúté títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ọ̀rọ̀ ò yanjú. Àwa mẹ́tàlá la wà níbẹ̀ nígbà tí a ju ìdákọ̀ró sómi. Ọ̀gá ọkọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní òun fẹ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ó jọ pé wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ọ̀hún. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan ń lọ bí ọ́fíìsì èbúté ṣe ń dá ìwé ìrìnnà wa padà, lẹ́yọ lẹ́yọ, nígbà tó bá wù wọ́n. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹnu mọ́: ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹni tó bá sì kẹ́yìn fi í sílẹ̀ ni wọn yóò tì mọ́lé.

Baba Ìdákọ̀ró ni olórí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ okùn àti ẹ̀wọ̀n. Ó ti pé ogójì ọdún lórí omi kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́. Èmi wà nísàlẹ̀, nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, nítorí náà Ẹ́ńjìnnì ló ń pè mí, àfi bí inú bá ń bí i ló máa ń pè mí ní "ìwọ ọkùnrin yìí."

"Ó rọrùn," mo sọ fún un. "Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́fà. Ẹ mú mẹ́ta, kí n mú mẹ́ta."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Ta ni yóò máa mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ lóru ọ̀gànjọ́?"

Mo fọwọ́ họ orí.

"O rí i? Ẹni tó bá mú un lónìí ló máa mú un lọ́la, òun náà ló máa mú un lọ́túnla. Kó tó pẹ́, á kórìíra ẹnìkejì rẹ̀ dójú ikú, kò sì ní mọ ìdí ẹ̀. Á máa rò pé bó ṣe ń jẹun ni."

Ó mú ẹfun, ó sì ya ìlà sórí irin tí a jókòó lé. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ni Ìṣọ́ Àkọ́kọ́, nítorí òun ló ṣíwájú lóru. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Ìṣọ́ Àárín, èyí tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìṣọ́ Òwúrọ̀, tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn Ìṣọ́ Ìyálẹ̀ta. Lẹ́yìn ìyẹn Ìṣọ́ Ọ̀sán, láti aago méjìlá títí di mẹ́rin. Nígbà tó dé mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó la àyè tó kù sí méjì: wákàtí méjì síhìn-ín, wákàtí méjì sọ́hùn-ún.

"Ìṣọ́ Ajá Kìíní," ó wí. "Ìṣọ́ Ajá Kejì."

"Ajá wo?"

"Èmi ò mọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo bi ọ̀gá mi, ó gbá mi létí."

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Baba."

"Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ò nílé. Orí omi ni wọ́n wà."

Mo ka ìlà ẹfun náà. Méje ni. Méje kò ṣeé pín lọ́gbọọgba fún ènìyàn méjì, kò sì ṣeé pín fún mẹ́ta. Bí mo bá ṣọ́ mẹ́rin lónìí, Baba ṣọ́ mẹ́ta. Lọ́la, Baba á ṣọ́ mẹ́rin, èmi mẹ́ta. Ẹni tí Ìṣọ́ Àárín bọ́ sí lọ́wọ́ lóru òní yóò sùn lóru ọ̀la. Ìlà kékeré yẹn, tó gé wákàtí mẹ́rin sí méjì, ló ń tún gbogbo ọjọ́ yí. Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo jíà tí eyín rẹ̀ bọ́ sínú ara wọn láìhan. Ẹni tó rò ó kò gọ̀.

Agogo ló ń ka ìṣọ́ fún wa. Bí ìlàjì wákàtí kan bá pé, ẹni tó ń ṣọ́ á lù ú lẹ́ẹ̀kan. Bí òmíràn bá pé, ẹ̀ẹ̀mejì. Títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹjọ, tí ẹnìkejì á gòkè wá. Ẹni tó ń lọ á ka ohun gbogbo fún ẹni tó ń bọ̀: ibi tí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró na sí, ibi tí ilé iná etíkun wà sí wa, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, bí omi ṣe ga tó nísàlẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ á wo gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, á wá sọ pé, "Mo gbà á." Kó tó sọ ọ́, ẹni àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kúrò, bí iná bá tiẹ̀ ń jó ṣòkòtò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Baba yọ sílẹ̀: ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran mọ́ gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ lé ẹnìkejì lọ́wọ́.

Omi ìsàlẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ tèmi. Ìpẹtà ti jẹ páìpù kan lára ọkọ̀, omi òkun ń wọlé díẹ̀díẹ̀, bí imú tó ń kán. Dísù ti tán, jẹnẹrétọ̀ ti kú, ó ku pọ́ǹpù àfọwọ́fà kan. Awọ inú rẹ̀ ti gbó. Bí èèyàn bá ń fà á, omi ń gòkè. Bó bá dáwọ́ dúró kí omi tó gbẹ, èyí tó ti gòkè á já wálẹ̀ padà, èèyàn á fi garawa bu omi sí i lẹ́nu, á tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti dì í mú kò lè fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa bá wà lókè, èkejì á lọ fà á kó tó sùn. Báyìí la ṣe ń gbé.

Ohun kan kù tí a ní láti pinnu. Nígbà kan tí ìwé ìjáde kan ṣoṣo dé, Kúùkù àti ẹni tó ń kun ọkọ̀ jà sí i. Kúùkù fi ọmọrí ìkòkò ṣe apata, ó fi ṣíbí ìrobẹ̀ ṣe idà. Òun ló lọ. Ìgbà tí tẹnìkejì fi máa dé, eyín rẹ̀ ti dín méjì. Baba ní irú rẹ̀ kò ní wáyé láàárín àwa méjì.

"Ẹni tí ìṣọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dé ni yóò dúró," ó wí. "Ẹni tó ń sinmi ni yóò lọ. Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé, kò sí pé ẹnìkan níyàwó sílé."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìṣọ́ wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Màá dúró."

"Bó bá jẹ́ èmi?"

"Wàá dúró, wàá sì máa ṣépè fún mi. Mi ò ní gbọ́, èmi á ti délé." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ọmọ mi obìnrin ti pèsè yàrá sílẹ̀ fún mi. Ó ní fèrèsé rẹ̀ kọjú sómi. Mo ní kó bá mi yí bẹ́ẹ̀dì padà."

Ọjọ́ Ajé kan ni lọ́yà pè. Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé omi mímu wá fún wa ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ìwé ìjáde kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Kò sórúkọ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé náà lè gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní èbúté, kó máa lọ sílé.

Baba fi fóònù sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀sán ni ọkọ̀ omi máa ń dé, nígbà tí òkun bá kún, nítorí iyanrìn wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwa méjèèjì ń ṣírò lọ́kàn, a sì jọ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣọ́ Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ti Baba ni. Èmi ni mò ń lọ. Àfi bí ọkọ̀ omi bá pẹ́ kọjá aago mẹ́rin, nítorí Ìṣọ́ Ajá Kìíní ọjọ́ náà, tèmi ni.

"Ó dáa," Baba wí. "Lọ fọ ṣòkòtò rẹ."

Mo pe ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì. Aṣọ ló ń rán. Mo gbọ́ tí máṣíìnì rẹ̀ dúró.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má tún parọ́ fún mi o."

"Mi ò parọ́. Ìṣirò ni."

"Èyí tẹ́ ẹ ṣe nígbà òjò ńkọ́, kì í ṣe ìṣirò?"

"Ìyẹn, lọ́yà ló ṣe é. Èyí, èmi ni mo ṣe é."

Máṣíìnì rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Ó dáa. Mo rí yín nínú fọ́tò, ẹ ti gbẹ bí igi ìdáná. Mo ti gba ìbàdí ṣòkòtò yín mẹ́ta sínú. Bẹ́ ò bá wá wọ̀ wọ́n, màá tà wọ́n fún ẹlòmíì."

"Ta ló máa rà á?"

"Ẹni tó bá wà nílé ni."

Àwọn ìbejì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní béèrè bóyá ọkọ̀ òkun lè dé ẹnu ọ̀nà wa. Èkejì ní kí n má dá a lóhùn, òmùgọ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run lórí ohun kan péré: kí ọkọ̀ omi má pẹ́. Kó dé kó tó di aago mẹ́rin.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìṣọ́ Ìyálẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi. Mo fi awò tí a fi ń rí ọ̀nà jíjìn wo ìlú. Òpópónà kan wà tí ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà sí etí omi, mo ti mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi: ọkùnrin tó ń ṣí ilé búrẹ́dì, obìnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, awakọ̀ kan tí mọ́tò rẹ̀ kì í tètè jí. Ní òní mo ń wò wọ́n bí ẹni tí yóò kọjá láàárín wọn.

Nígbà tí mo lu agogo ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní ọ̀sán, Baba kò tètè yọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àkàsọ̀ irin: ọ̀kan, ó sinmi, ọ̀kan, ó sinmi. Kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí búrẹ́dì tó mu omi.

"Baba, ẹsẹ̀ yín."

"Bàtà ló ń sunkì. Bí bàtà bá ti dàgbà, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣọ́ ọ fún wákàtí kan."

"Kí ọkọ̀ wá bá ọ níbẹ̀?" Ó gbé ojú sókè. "Ka tìrẹ, kó o máa lọ di ẹrù rẹ."

Mo kà á. Ó wo ibi tí mo ń tọ́ka sí. Ó ní, "Mo gbà á." Mo lọ fa pọ́ǹpù títí omi fi gbẹ, mo wẹ̀, mo di báàgì, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mò ń gbọ́ agogo lókè. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ kékeré láti òkèèrè, ọkàn mi fò sókè: kò tíì tó mẹ́rin. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo kà á tẹ̀ lé e: kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó dúró. Mo dúró de èyí tó kù. Kò wá.

Mo sáré gòkè. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ agogo, okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó ń fa èémí bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn.

"Ó ku méjì," ó wí. "Bá mi lù ú."

Mo lù ú. Ọkọ̀ omi ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ẹni tó ń wà á gbé orí sókè, ó ń pariwo: "Ẹ̀yin ará inú àpótí! Ta ló ń lọ? Ẹ yára o, omi ti ń fà, bí mo bá pẹ́, orí iyanrìn ni màá sùn!"

"Àgbà kan ń ṣàìsàn!" mo dáhùn. "Gbé àwa méjèèjì!"

"Ìwé ẹyọ kan ni wọ́n fún mi."

"Ṣé o ò rí i pé èèyàn ń kú lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Bí mo bá gbé ẹni méjì, wọ́n á gba ọkọ̀ mi, wọ́n á tún dá ẹnìkejì padà. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo mọ̀. Mo pe lọ́yà. Obìnrin kan dáhùn pé lọ́yà wà nípàdé. Mo pe ọ́fíìsì èbúté. Ó ń dún ṣáá. Mo tún yíjú sí ẹni ìsàlẹ̀. "Ṣé o lè dúró di aago mẹ́rin? Wákàtí kan péré." Bó bá lè dúró, ìṣọ́ á bọ́ sọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀, Baba á di ẹni tó ń sinmi, òfin tirẹ̀ gan-an á sì gbé e lọ.

"Ẹ wo omi!" ó wí. Mo wò ó. Àmì funfun tó wà lára ògiri èbúté ti yọ jáde. Òkun kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo kúnlẹ̀ ti Baba. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká sọ yín kalẹ̀."

"Ìṣọ́ mi ni."

"Baba."

"Gbé báàgì rẹ, kó o máa lọ, ìwọ ọkùnrin yìí! Ìyàwó rẹ ń retí rẹ. A kì í fi ìṣọ́ sílẹ̀." Ó di irin mú. Mo gbìyànjú láti tú ìka rẹ̀; àwọn ìka tó ti fi ogójì ọdún fa okùn, n kò lè tú wọn.

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Baba, ibo ni àmì pupa tó léfòó yẹn wà?"

Ó yí ojú sí òkun. Àmì náà ń mì níwájú wa gbangba, ó tóbi ju ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ó wò ó, wò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí bó ṣe tẹjú mọ́ ọn tó.

"N ò rí i," ó wí níkẹyìn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹni tí kò ríran mọ́, kí ló gbọ́dọ̀ ṣe?"

Ẹni ìsàlẹ̀ tún pariwo. Baba tú ọwọ́ rẹ̀ lára irin, ìka kan tẹ̀ lé ìka kan.

"O ti mọ ohun tí ò ń gbà?"

"Mo mọ̀."

"Gbọ́, nígbà náà." Ó sì kà á fún mi, láìfo ọ̀kan, ó ń dúró mí láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀wọ̀n na síwájú, kò fà jù. Ó ní ilé iná wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa. Ó ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti òkè ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti yí láti bí wákàtí kan. Ọkọ̀ tó dákọ̀ró a sì máa yí bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Ọwọ́ òsì ni ilé iná wà. Gbogbo ohun tó kà jẹ́ ohun tí èmi fúnra mi kà fún un ní ọ̀sán.

"Mo gbà á," mo wí.

Mo fi okùn ẹrù dè é lábẹ́ apá. Ó fọwọ́ kan kókó rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ ní radaràda yìí?" Ó tú u, ó tún un ta, ó fà á wò. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ gbà á, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì.

"Màá sọ fún wọn!" Baba ké sókè. "Kí wọ́n rán ẹlòmíì wá!"

"Ẹ sọ fún wọn, Baba!"

Mo bi ẹni tó ń wa ọkọ̀ léèrè ìgbà tó tún ń bọ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu tó kẹ́yìn sókè sí mi. Ó ní bí wọ́n bá ti rán òun ni.

N kò tíì pe Ìyá Ìbejì. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ojú sin ọkọ̀ náà dé èbúté. Lẹ́yìn náà mo ní kí n kọ́kọ́ lu agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹjọ, Ìṣọ́ Ajá Kìíní bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà á lọ́wọ́ ara mi. Kò sí ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀ láti fa pọ́ǹpù kó tó sùn. Bí mo bá dúró lókè, omi ń ga nísàlẹ̀. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, kò sí ojú lórí ìdákọ̀ró, afẹ́fẹ́ sì ń le sí i. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo dúró títí mo fi ń gbọ́ omi tó ń lu irin lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo wo ẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sọ̀ kalẹ̀.

Omi ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Mo bu garawa kan sí pọ́ǹpù lẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ó gbà. Láti ìta, ẹ̀wọ̀n dún gùrù lẹ́ẹ̀kan. Ó lè jẹ́ pé ó kàn nà ni. Ó lè jẹ́ pé ìdákọ̀ró ń wọ́ nílẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, ohùn kan náà ni méjèèjì ní. Mo fi pọ́ǹpù sílẹ̀, mo sáré gòkè, mo wo ilé iná, mo wo àmì pupa. A kò tíì kúrò lójú kan. Nígbà tí mo padà, omi ti já wálẹ̀. Mo bu garawa, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà kẹta tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni pọ́ǹpù wá gbà dáadáa, omi ń jáde ní kíkún, ó ti ń fà sẹ́yìn lára ògiri. Ìgbà yẹn ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Òkè ló wà, ní ìdí agogo, níbi tí oòrùn ti ń fún un ní iná, nítorí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nísàlẹ̀. Ó ti tó àsìkò tó yẹ kí n ti wà ní èbúté. Wọ́n á ti jókòó yí fóònù ká, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì á ti máa jà pé òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó dún títí, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mò ń fà á, mò ń wo omi tó ń lọ sílẹ̀ lára irin, díẹ̀díẹ̀, n kò sì lè fi ọwọ́ sílẹ̀.